Ebè Ìdí Fèrèsé

Àwọn òṣìṣẹ́ mi ń pè mí ní Ìyá Ọṣẹ. Wọ́n rò pé mi ò mọ̀. Mo mọ̀, mo kàn ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ni, torí orúkọ náà kò bí mi nínú. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ilé ọ̀rá wa, níbi tí a ti ń gbin òdòdó kanéṣọ̀n fún títà, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ti ẹsẹ̀ bọ omi apakòkòrò tí mo gbé sẹ́nu ọ̀nà, kó wọ ìbọ̀wọ́, kó sì mú ọ̀bẹ tí mo ti fi omi gbígbóná fọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹni tó bá gbàgbé yóò gbọ́ ohùn mi. Mo ti lé ọkọ ara mi jáde níbẹ̀ rí nítorí bàtà.

Mo ní ìdí. Àìsàn kan wà tí àwa tó ń gbin òdòdó ń pè ní òùngbẹ èké. Abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbé. Inú gbòǹgbò ló ń gbà wọlé, á sì dí gbogbo ọ̀nà tí omi ń gbà gòkè nínú igi òdòdó. Ẹ ó jí lọ́jọ́ kan, ẹ ó rí i pé ewé ẹ̀gbẹ́ kan ti pọ́n rúsúrúsú. Tó bá di ọjọ́ kẹta, orí òdòdó ti tẹ̀ wálẹ̀. Ẹ ó bomi rin ín títí, kò ní gbọ́. Ilẹ̀ tutù rinrin, òdòdó sì ń kú fún òùngbẹ. Bí ẹ bá fi ọ̀bẹ la igi rẹ̀ sí méjì, ẹ ó rí ìlà kan tó dúdú díẹ̀ ju ilẹ̀ lọ, láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Mo ti la irú igi bẹ́ẹ̀ tó ẹgbẹ̀rún láàárín ọdún mẹ́tàdínlógún, mo sì kórìíra ìlà yẹn dọ́ba.

Kò sí oògùn tí a lè fín sí i tí yóò mú un. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ká se ilẹ̀. Ọkùnrin kan wà tó ní ìkòkò irin ńlá lórí táyà mẹ́rin. Á dáná sí i, á fi páìpù darí ooru omi wọ abẹ́ tapólì tí a tẹ́ bo ebè, ilẹ̀ náà á sì gbóná títí gbogbo ohun tó ń mí nínú rẹ̀ á fi dákẹ́. Aseyẹ̀pẹ̀ ni a ń pè é. Òun náà a máa rẹ́rìn-ín, á ní ìyàwó òun ń se èyí tí wọ́n ń jẹ, òun ń se èyí tí wọ́n ń gbin nǹkan sí. Lọ́dọọdún ló máa ń wá se ebè mẹ́rìndínlógún fún mi. Ilẹ̀ á mọ́ lóòótọ́, òdòdó á dùn ún wò fún oṣù díẹ̀, lẹ́yìn náà òùngbẹ èké á padà, á sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo máa ń sọ pé ìfọ̀ wa ni kò tíì tó. Mo fi kún omi apakòkòrò. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó ẹnu ọ̀nà pé ìmọ́tótó borí àrùn mọ́lẹ̀ bí ọyẹ́ ti í borí ooru.

Ebè kan ṣoṣo ni mi ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn, ebè kẹtàdínlógún, ti bàbá mi.

Bàbá mi ló dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ kó tó fi lé mi lọ́wọ́. Ní ọdún méjìlélógún sẹ́yìn, ó mú òdòdó funfun kan pọ̀ mọ́ pupa kan, ó gbin èyí tí wọ́n bí, ó yàn nínú rẹ̀, ó da ìyókù nù, ó tún yàn, títí ó fi rí ọ̀kan tó funfun láìlábàwọ́n, tí ìlà pupa tín-ín-rín sì yí etí rẹ̀ ká bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gbá a. Aránṣọ ni ìyá mi. Èyí tó kọ́kọ́ tanná ni bàbá mi gé fún un, ó ní, "Wò ó, mo bá ọ ṣẹ́ etí aṣọ." Bó ṣe di Etí-Aṣọ nìyẹn. Kò sí níbòmíràn láyé, àfi lọ́dọ̀ wa.

Ebè kẹtàdínlógún wà ní ìkángun ilé ọ̀rá, níbi tí a máa ń ká ọ̀rá ẹ̀gbẹ́ sókè kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, ó sì dojú kọ fèrèsé yàrá tí ìyá mi ti ń ránṣọ. Ibẹ̀ ni bàbá mi ń gbin Etí-Aṣọ sí. Òùngbẹ èké pa wọ́n. Ó tún gbìn ín síbẹ̀. Ó tún pa wọ́n. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bínú, mo fi oúnjẹ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan nítorí ebè yẹn. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń fi dá mi lóhùn: "Má fọwọ́ kàn án." Ọdún mẹ́wàá ló fi ṣe é. Ìyá mi kú ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, bàbá mi ò sinmi, ó ń gbìn ín síbẹ̀. Ìkórìíra mi sí ebè náà wá pọ̀ débi pé mi ò dé ìdí rẹ̀ mọ́. Ìyá àgbàlagbà kan tí a ń pè ní Akórè, tó mọ̀ mí láti kékeré, òun nìkan ló ń kórè níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì gbọ́dọ̀ fọ bàtà kó tó kọjá sọ́dọ̀ mi.

Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Ọ̀gá, àwọn tọ̀hún ò kú tó bẹ́ẹ̀ mọ́ o."

Mo ní, "Ṣé èyí tó máa kú ló ṣẹ́ kù ni?"

Kò tún sọ ọ́ mọ́. Nígbà tó sì yá, tí Etí-Aṣọ tí èmi náà gbìn sórí àwọn ebè mi tí mo sè ti kú tán pátápátá, ebè bàbá mi yẹn náà ni Akórè ti gé ẹ̀ka tó kù, kó tó hú àwọn igi ògbólógbòó ibẹ̀ dànù. Mi ò bi ara mi léèrè pé kí ló dé tó jẹ́ ibẹ̀ nìkan ni a ti rí ẹ̀ka gé. Ẹni tínú ń bí kì í ka nǹkan.

Igba ó lé ogójì ni àwọn ẹ̀ka náà. A kó wọn sínú àpótí títí wọ́n fi ta gbòǹgbò. Àsìkò yẹn gan-an ni ojú bàbá mi dé ibi tó dé. Awọ ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì, kò mọ̀ mí mọ́ bí mi ò bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé nítòsí ilé ìwòsàn ní kó wá sọ́dọ̀ òun, kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ojú kan lákọ̀ọ́kọ́, èkejì lẹ́yìn rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, ó fi ọwọ́ wá àpótí náà kàn, ó sì rọra ń fi ìka tọ́ àwọn ewé rẹ̀ wò.

Ó ní, "Àwọn yìí ló kù láyé. Gbìn wọ́n sí ebè mi. Má se ilẹ̀ rẹ̀."

Mo ní, "Mo gbọ́, Bàbá."

Mo gbọ́ lóòótọ́. Ní ọjọ́ kejì, Aseyẹ̀pẹ̀ ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò irin rẹ̀.

Ẹ má rò pé ìkà ni mí. Òdòdó bàbá mi ni mo fẹ́ gbà là. Bí àwọn ẹ̀ka wọ̀nyẹn bá kú, Etí-Aṣọ tán nìyẹn, bàbá mi á sì wá la ojú tuntun sórí ilẹ̀ tó ṣófo. Mo fẹ́ kó bá ebè tó mọ́, kó bá òdòdó tó dúró ṣinṣin, kó wá gbà fún mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé rẹ̀. A tẹ́ tapólì bo ìdajì ebè, ooru wọ ibẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà. Nígbà tí a fẹ́ sún un sí ìdajì kejì, páìpù Aseyẹ̀pẹ̀ là gbàràgàdà, ooru sì ń tú jáde. Ó pa iná, ó yí páìpù náà wò, ó mi orí.

Ó ní, "Ọ̀gá, ó di ọjọ́ karùn-ún tàbí ọjọ́ kẹfà kí n tó rí òmíràn."

Gbòǹgbò àwọn ẹ̀ka ti gùn jù. Wọn ò lè dúró di ọjọ́ kẹta. Mo bú Aseyẹ̀pẹ̀, mo bú páìpù, mo bú ẹni tó rọ páìpù. Lẹ́yìn náà mo gbin ọgọ́fà sí apá tí a sè, ọgọ́fà sí apá tútù tí a kò sè. Mo ri pákó gígùn kan mọ́lẹ̀ sáàárín, mo sì kun ojú rẹ̀ tó kọjú sí apá tí a sè ní funfun, kí ẹ̀gbin apá tútù má baà wọ inú mímọ́. Apá kọ̀ọ̀kan ní ṣọ́bìrì tirẹ̀. Nínú ọkàn mi, mo ti sin ọgọ́fà tó wà lápá tútù.

Bàbá mi ń pè lórí fóònù ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. "Ṣé wọ́n ti mú?" "Wọ́n ti mú, Bàbá." "O ò fọwọ́ kan ilẹ̀ náà?" Màá ní iná fóònù ti ń lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ keje, Akórè wá bá mi nídìí omi apakòkòrò. Kò fọ bàtà. Kí n tó lanu, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ wá wo nǹkan kan. Ẹ dákun, ẹ má tíì sọ̀rọ̀."

Mo tẹ̀ lé e. Ọdún méjì ni mi ò ti dé ibẹ̀ dáadáa, àfi ìgbà tí a se ilẹ̀ tí mo sì gbìn wọ́n. Ọgọ́fà dúró, ewé wọn gún, àwọ̀ wọn jinlẹ̀, àwọn kan ti ń rúdí. Ọgọ́fà kejì ti ń tẹ̀. Ewé wọn pọ́n rúsúrúsú ní ẹ̀gbẹ́ kan, orí wọn ti ń wo ilẹ̀. Ibi tí pákó mi wà ni àwọn alààyè ti parí, ibẹ̀ náà ni àwọn tó ń kú ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ọ̀kan tó kọjá ààlà. Wọ́n tò bí aṣọ méjì tí wọ́n rán pọ̀, mo sì lè fi ìka tọ ojú rírán náà láti etí ebè dé etí kejì.

Mo ní, "Ẹ ti yí pákó yìí padà."

Pákó ò ṣeé yí padà. Ọ̀dà tí mo fọwọ́ ara mi kùn ṣì wà lápá tí mo kùn ún sí. Apá tí mo sè ló ń kú. Apá ẹlẹ́gbin ló ń yè.

Mo hú ọ̀kan ní apá tí mo sè, mo là á. Ìlà dúdú wà níbẹ̀. Mo hú ọ̀kan ní apá kejì, mo là á. Inú rẹ̀ funfun nini, omi sì ń sun jáde níbi tí mo gé. Mo kúnlẹ̀ láàárín ebè, bẹ́ẹ̀ mi ò mọ ẹni tí mo ń kúnlẹ̀ fún. Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ yẹn kì í ṣe ẹ̀rù ìyà. Ẹ̀rù pé ohun kan ti wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi láti ọjọ́ yìí wá, tó ń ṣiṣẹ́ tí èmi ò lè ṣe, tí mi ò sì kí i rí.

Àbúrò ọ̀rẹ́ mi kan ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yẹ ilẹ̀ wò. Onídígí là ń pè é láti kékeré, torí dígí ojú rẹ̀ tó nípọn. Ó wá fúnra rẹ̀, ó bu ilẹ̀ méjèèjì sínú ọ̀rá kéékèèké, ó mú gbòǹgbò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó ní kí n wá. Yàrá kékeré kan ni, tábìlì funfun, ẹ̀rọ omi tó ń kán, àwo dígí pẹlẹbẹ ní ìtò-ìtò. Ó fà mí sídìí ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá.

Ó ní, "Kí lẹ rí, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Okùn ńlá kan, àti òwú tó yí i ká."

"Gbòǹgbò Etí-Aṣọ lokùn yẹn, láti apá tútù. Ohun abẹ̀mí ni àwọn òwú yẹn. Ẹ wo apá òsì díẹ̀. Ẹ rí àwọn tó tẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi?"

"Mo rí wọn."

"Òùngbẹ èké nìyẹn."

Mo yọ ojú kúrò nídìí ẹ̀rọ náà kíá. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń bá a jà, mi ò tíì rí ojú rẹ̀ rí. Nígbà tí mo gboyà, mo tún tẹjú mọ́ ọn. Wọ́n kéré, wọ́n sì dákẹ́ jẹ́ẹ́ nítòsí gbòǹgbò.

"Ṣé wọ́n ti kú ni?"

"Wọn ò kú. Wọ́n ń sùn ni. Ebi ò jẹ́ kí wọ́n lè dìde." Ó fa àga, ó jókòó tì mí. "Gbòǹgbò máa ń tú omi dídùn síta díẹ̀díẹ̀. Òun ni gbogbo wọn ń jẹ. Àwọn òwú tẹ́ ẹ rí yìí, ẹbí kan náà ni wọ́n pẹ̀lú apani yẹn. Tí mo bá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, èmi gan-an ò lè fojú lásán yà wọ́n. Àmọ́ àwọn yìí kì í pa òdòdó. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n jókòó sí, wọ́n ń jẹun, wọn ò ṣẹ́ nǹkankan kù fún èkejì."

"Ta ló kó wọn wá?"

"Kò sẹ́ni tó kó wọn wá. Bàbá ló bọ́ wọn. Ó gbìn, òdòdó kú, ó tún gbìn síbì kan náà. Gbòǹgbò ò tán níbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, àwọn wọ̀nyí sì ń pọ̀ lọ́dọọdún títí ilé fi kún." Ó fi ṣíbí bu ilẹ̀ apá tútù, ó gbé e síwájú mi. "Àwọn tó wà nínú ṣíbí yìí ju gbogbo èèyàn ìlú yìí lọ."

Mo wo ṣíbí náà. Ìwọ̀n ṣúgà tí mo máa ń fi sí tíì ni. Mo ní, "Èmi wá sè wọ́n."

Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Bí ológbò bá kúrò nílé, ilé á di ilé èkúté, ẹ̀gbọ́n mi. Àìsàn yẹn wà nísàlẹ̀ níbi tí ooru ò dé. Ìgbà tó gòkè wá, kò bá ẹnikẹ́ni nílé. Ẹ̀yin lẹ sì ń lé ológbò lọ́dọọdún, ní ebè mẹ́rìndínlógún."

Ojú tì mí, mo sì sunkún níbẹ̀, èmi Ìyá Ọṣẹ, lórí tábìlì funfun ẹlòmíràn. Kò sí ẹlòmíràn tí mo lè bú. Bí páìpù Aseyẹ̀pẹ̀ ò bá là lọ́jọ́ yẹn, igba ó lé ogójì ni ì bá kú, ọwọ́ mi tó mọ́ tónítóní ni ì bá sì pa wọ́n.

Onídígí ní òun fẹ́ dán nǹkan kan wò. Ó bu òṣùwọ̀n kan nínú ilẹ̀ apá tútù, ó pò ó mọ́ òṣùwọ̀n mẹ́sàn-án nínú èyí tí mo sè, ó gbin kanéṣọ̀n pupa lásán sí i nínú ìkòkò, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ da òùngbẹ èké lé e lórí. Ó gbin àwọn mìíràn sínú ilẹ̀ sísè nìkan, ó sì da òùngbẹ èké lé àwọn náà lórí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó ní kí n wá wò ó. Àwọn tó wà nínú ilẹ̀ sísè ti tẹ̀ tán. Àwọn tó wà nínú àpòpọ̀ dúró, àyàfi méjì. Òṣùwọ̀n kan péré nínú mẹ́wàá. Mo dúró síwájú àwọn ìkòkò náà pẹ́ títí tí ó fi ní kí n jókòó.

Bàbá mi lo oṣù mẹ́rin lọ́hùn-ún. Nígbà tó máa fi dé, apá tí mo sè ti ṣófo, Akórè ti hú òkú ibẹ̀. Nínú ọgọ́fà tó kù, mẹ́tàdínlọ́gọ́fà ló wà láàyè, gbogbo wọn sì ti tanná. Ọ̀sán gangan ló dé, ó wọ awò dúdú. Kò jẹ́ kí n bá òun gbé báàgì. Ó la ilé ọ̀rá kọjá láìfọ bàtà, mi ò sì sọ̀rọ̀, Akórè wò mí lójú, ó sì tún gbé ojú kúrò.

Ó dé ìdí ebè náà, ó bọ́ awò. Ó wo apá tó ṣófo, ó wo apá tó tanná. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa òdòdó kan mọ́ra, ó sì wo etí rẹ̀ yí ká, díẹ̀díẹ̀.

Ó ní, "Mo ti gbàgbé pé ó pupa tó báyìí."

Mo kúnlẹ̀. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, ilẹ̀ tí mo sè, páìpù tó là, irọ́ orí fóònù. Mo sọ ti òwú ara gbòǹgbò, ti apani tó ń sùn, ti ṣíbí ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ ń dà jáde lẹ́nu mi, mo fẹ́ kó bínú kíá kó lè tán. Ó ń gbọ́, ìka rẹ̀ ò kúrò lára òdòdó yẹn.

Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni? Ṣé ìdí tẹ́ ò fi gbà kí n sè é nìyẹn?"

"Kí ni mo fẹ́ mọ̀?" Ẹnu ya òun náà, ó ń wo ilẹ̀ náà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé rẹ̀. "Ibí yìí nìkan ni ìyá yín ti lè rí i láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ. Gbogbo ebè tó kù, ọ̀rá dí i lójú."

"Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta rèé tí Màámi ti kú."

"Ṣé torí pé ó kú ni kí n wá gbé e kúrò lójú rẹ̀?"

Mo ti rò pé ọgbọ́n àgbà ni màá bá nídìí ọ̀rọ̀ náà. Mi ò bá ọgbọ́n kankan níbẹ̀, ọkùnrin kan tó nífẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀ ni mo bá, tí kò sì fẹ́ kí fèrèsé rẹ̀ ṣófo. Òun àti àwọn òwú abẹ́ ilẹ̀ ti jọ ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá, kò sẹ́ni tó sọ fún ẹnìkan nínú wọn.

Ó di pákó funfun mú, ó fà á tu, ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó kọjá sínú ilé, mo tẹ̀ lé e. Yàrá ìránṣọ wà bí a ṣe fi í sílẹ̀, aṣọ bo ẹ̀rọ, fèrèsé tì. Fèrèsé náà ti le, àwa méjèèjì la jọ tì í kó tó ṣí. Bàbá mi jókòó lórí àga ìyá mi, ó wo ìta. Mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kí n lè wo ibi tó ń wò. Etí-Aṣọ kún ìdajì fèrèsé. Ìdajì kejì jẹ́ ilẹ̀ lásán.

Ó ní, "Gé ẹ̀ka lára wọn. Gbìn ín padà síbi tó ṣófo yẹn."

Mo ní, "Màá bu ilẹ̀ alààyè yẹn pò mọ́ ọn. Tí wọ́n bá tún kú ńkọ́, Bàbá?"

"A ó tún gbìn ín."

Mo jáde lọ mú ṣọ́bìrì apá tútù. Iyẹ̀pẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lára, mi ò sì fọ̀ ọ́.